Ta Ló Jẹ Itan Adìẹ Mi?

Yàrá mi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, oṣù Kejìlá.

Ọmọ àbúrò mi, tí mo ń pè ní ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ méjèèjì tí mi ò tíì rí ju inú fọ́tò lọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kí òtútù ọ̀dọ̀ yín má ṣe yín ní nǹkan kan. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà láàyè, ara ló kàn ń ro mí. Orúnkún mi ti di ohun tí mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ kí n tó lè dìde lórí àga, ojú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba kíkà mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo ń sùn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó ti fèrèsé ilé ìdáná kí n tó ṣí i, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Mo rò pé ìkíni ọdún ni. Nígbà tí mo kà á tán, mo pa iná tí mo gbé omi tíì kà, torí mo mọ̀ pé mi ò ní lè mu ún mọ́. O kọ̀wé pé o wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, o ń ra ọjà rẹ jẹ́ẹ́jẹ́, ni orin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ láti ara àjà, o sì fi gbogbo ohun tí o ti kó sílẹ̀, o jáde síta, o ń sunkún láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. O ní láti kékeré ni orin náà ti ń ta ọ́ lára. Pé nílé ìwé, àwọn ọmọ a máa tò tẹ̀lé ọ, wọn a máa ṣe "hùn-ùn, hùn-ùn" lẹ́yìn rẹ, wọn a ní ìyá rẹ ni àwọn ń kí. O ní mo háyà aláwàdà kan láti máa sín ìyá rẹ jẹ, mo wá fi àìsàn àbúrò mi di gbajúmọ̀. O ní tí mo bá tún kọ orin náà lọ́dún yìí, tí erùpẹ̀ orí sàréè ìyá rẹ kò tíì gbẹ, kí n má ka ara mi mọ́ ẹbí rẹ mọ́.

Ọmọ mi, mi ò bínú. Ìbínú ń fẹ́ agbára, agbára yẹn ni mi ò ní mọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni o dì mú, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ọjọ́ Sátidé ná. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ kan pè wá sí gbọ̀ngàn wọn láti wá kọrin níbi ìpàdé ìparí ọdún. Onígìtá wa, òun nìkan ló kù nínú àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀, ló dì mí lọ́wọ́ mú gun orí ìtàgé. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ fún un. Bí wọ́n ṣe rí mi ni ariwo sọ: "Màmá Onítan! Màmá Onítan!" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn rò pé Onítàn ni, pé mo mọ ìtàn-án sọ. Àwọn àgbà ló mọ̀ pé ti itan adìẹ ni. A kọ àwọn orin yòókù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún un. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn dáhùn pé "Hùn-ùn." Mo bi wọ́n ní èkejì, "Hùn-ùn." Níbi ẹ̀kẹta ni mo dá orin dúró. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ orin. Gbogbo ènìyàn yẹn ló ń dá mi lóhùn, ẹni tí mò ń bi gan-an kò sì sí nínú wọn.

Onígìtá ń yí ìlà kan náà po, ó ń wo ojú mi. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí àga, mo sì rìn lọ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Wọ́n rò pé eré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá a lọ láìsí mi títí wọ́n fi kọ ọ́ parí. Mo jókòó sórí àpótí kan níbẹ̀, mo bọ́ bàtà mi. Nígbà tí onígìtá dé, mo ní ó ti parí. Ó ní, "Ẹ sinmi, Màmá, a ó sọ ọ́ lọ́la." Mo ní kò sí sísọ kankan lọ́la. Nítorí náà mo ti fi orin sílẹ̀, kì í ṣe ìyẹn nìkan, gbogbo rẹ̀ pátá. Tó bá jẹ́ ohun tí o ń fẹ́ nìyẹn, ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ irọ́ ni wàá fi máa dunnú.

Ìyá rẹ ló fún mi láyè láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, mo jókòó tì í nínú yàrá ẹ̀yìn, mo ń fi aṣọ tútù nu ọwọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé kí n sọ fún ọmọ rẹ nígbà tó bá yá?" Ó yíjú sí ògiri, ó tún yíjú padà sí mi. Ó ní, "Hẹn." O dé fún ìsìnkú, o dúró sí òdìkejì, o kò wojú mi, ilẹ̀ sì mọ́, o ti lọ. Mo rò pé ìbànújẹ́ lásán ni. Mi ò mọ̀ pé o ní ọ̀rọ̀ kan sínú tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

O kò mọ ohùn ìyá rẹ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá wa kan àga àti tábìlì tà, inú ìsọ̀ rẹ̀ la sì ti kọ́ orin, àwa méjèèjì, lórí òkìtì èérún pákó. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tèmi jẹ́ ohùn tó lè ru igi. Ó lágbára, kò ládùn. Ti ìyá rẹ, mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá gbé ohùn sókè, bàbá wa a dá ayùn dúró, a máa wo òrùlé bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ jábọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a wá di ẹlẹ́gbẹ́ orin, òun ló ń dúró níwájú, èmi ń gbè é lẹ́yìn. Torí tirẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọn ò mọ orúkọ mi, "ẹnì kejì yẹn" ni wọ́n ń pè mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ ipò mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, oorun mi sì ń dùn.

Bí òtútù àyà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ha. Ó mu oyin, ó mu omi gbígbóná, ó sinmi, ó tún ha ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí a kọrin tán, ó wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, ó sì ká a pọ̀ kíákíá kí n má baà rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rí i. Nílé ìwòsàn, wọ́n bá kókó kan lára okùn ohùn rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì ní lè dúró. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wo bàtà ara rẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀, pe èmi àti bàbá rẹ sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "A gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohùn ni a ò rí gbà." Ó ní díẹ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀, pé tó bá gbìyànjú, ìró lè jáde, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀, kò sì ní jẹ́ orin láéláé.

Kò gbìyànjú. Wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù gígùn kan, bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀dì lósì, ọ̀dà ara ògiri ti bó níbi tí ọwọ́ àwọn aláìsàn máa ń dé. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ni wọ́ọ̀dù náà kò gba kí ènìyàn sín. Ẹ-Má-Pariwo ni a sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Òun ló fún ìyá rẹ ní síléètì àti ṣọ́ọ̀kì pé kó máa kọ ohun tó bá ń fẹ́. Ìyá rẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rọ́bà kan wà ní ihò imú rẹ̀ tí wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ. Wọ́n ní ó tó àkókò tó yẹ kó máa fi ẹnu gbé nǹkan mì, omi ẹran, ohun rírọ̀. Ó di ètè rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé yóò há òun lọ́fun, tàbí kó jẹ́ pé kò rí ìdí tí òun yóò fi gbé e mì. Ó ń rù. Dókítà ní tó bá dé ọdún tuntun tí kò jẹun, àwọn yóò lu ihò sí ikùn rẹ̀ láti máa gba ibẹ̀ bọ́ ọ.

O ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ni bàbá rẹ máa ń gbé ọ wá, nínú kaba tó fi ìyókù aṣọ oníbàárà rán fún ọ. Wàá sọ̀rọ̀ títí, ti ológbò, ti ọmọ aládùúgbò, ti eyín rẹ. Ìyá rẹ kì í tilẹ̀ mi orí. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. O mọ̀ pé télọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí, mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó mi ṣì wà nínú ibẹ̀ yẹn."

Ọjọ́ Kérésì wá dé. Àwọn nọ́ọ̀sì ti lẹ bébà aláràbarà mọ́ ara ògiri. Awakọ̀ ilé ìwòsàn wọ aṣọ pupa, ó fi òwú dídì ṣe irùngbọ̀n, ó ń pín bisikíìtì láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ gbé adìẹ wá nínú abọ́ onídèérí. Fúnra rẹ̀ ló dín in, ọkùnrin tí kò dáná rí àfi iná áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ kan jóná díẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì fún àwọn tó wà nítòsí. O ní itan kan jẹ́ tìrẹ, pé kí a bá ọ tọ́jú rẹ̀, nítorí o fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀lé Bàbá Kérésì yí wọ́ọ̀dù ká. A gbé e sínú àwo, a fi àwo mìíràn dé e, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Mo lọ fọ ọwọ́. Bàbá rẹ lọ bá wọn ti bẹ́ẹ̀dì kan tí táyà rẹ̀ há.

Nígbà tí o padà dé, o ṣí àwo. Egungun nìkan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ roro.

O kígbe tí ó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ yọjú: "Ta ló jẹ itan adìẹ mi?"

O fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí bí ọlọ́pàá, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà wò láti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì. O kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ wa. "Ṣé ẹ̀yin ni, Màmá?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu: "Hùn-ùn. Eyín wo ni n ó fi jẹ ẹ́?" O bi obìnrin tó ń nu ilẹ̀. "Hùn-ùn." O ní kí Bàbá Kérésì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o fẹ́ wò ó bóyá òróró wà lára irùngbọ̀n rẹ̀, o fà á, irùngbọ̀n sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́. "Hùn-ùn! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!" O lọ bá Ẹ-Má-Pariwo fúnra rẹ̀, o ní kó ya ẹnu. Ọmọ mi, obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ẹnu, o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, o sì dá a sílẹ̀. O bi mí. O bi bàbá rẹ, ẹni tó ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa ẹ̀rín mọ́nú.

Kò wá ku ẹnì kankan mọ́. O rìn dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ, o sì rọ ohùn sílẹ̀, torí ó ti mọ́ ọ lára pé kì í dá ọ lóhùn. O ní, "Màmi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rí òróró ní àgbọ̀n rẹ̀. Rọ́bà imú rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò ọ́ títí. Mo rí àyà rẹ̀ tó gbé sókè, bí ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin látijọ́, ìró kan sì jáde, ó ń ha gààrà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ilẹ̀kùn lórí sìmẹ́ǹtì:

"Hẹn."

Ìwọ nìkan ni kò yà lẹ́nu. O ní, "Ó dáa. Ṣé ó dùn?"

"Hẹn."

O ní, "Ẹ má jẹ tèmi mọ́ o."

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n rán ojú ikùn wọn ń bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má pa àwọn. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ó fi kaba rẹ bojú, ó ń sunkún. Ẹ-Má-Pariwo sáré lọ pe dókítà, ó ń pariwo lọ lójú ọ̀nà: "Ẹni tí a ní kó mu omi ẹran, itan adìẹ ló lọ jẹ!" Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ ti ń jẹun. Wọn ò lu ihò kankan sí i níkùn.

Ṣé o rí i báyìí? Ìwọ lo ni ìbéèrè yẹn. Gbogbo ẹni tí mo ń dárúkọ nínú orin náà, nọ́ọ̀sì, arúgbó, onírùngbọ̀n òwú, bí o ṣe bi wọ́n léraléra ni.

Nígbà tó padà sílé, èmi ni mi ò fẹ́ kọrin mọ́. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa túká. Ìsọ̀ bàbá rẹ ni ìyá rẹ máa ń jókòó sí, kò sì gbà láti lo síléètì rárá. Ó fẹ́ kí a máa bi òun, kí òun máa dáhùn. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn títí ó fi kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mò ń wá ohun tó ń fẹ́ kiri. Ṣé omi ni? Hùn-ùn. Ṣé ooru ló ń mú ọ? Hùn-ùn. Ṣé ebi ni? Hùn-ùn. Ni mo bá rí i tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì tí bàbá rẹ fi ń gé aṣọ, ó ń lù ú tẹ̀lé ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó juwọ́ sí mi pé kí n tún un bi. Ó gbé ọwọ́ sókè, mo gbé ohùn sókè. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí mo bá ti ṣì í, ó ń fi téèpù ìwọnṣọ nà mí lórí, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, "Dúró ná, ṣé ti ọjọ́ Kérésì yẹn ni?" Ó ní, "Hẹn!" Kí bàbá rẹ tó rán ṣòkòtò kan tán, orin ti jókòó.

Ẹni tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní orin apanilẹ́rìn-ín ni, kí a háyà aláwàdà láti máa ṣe ìdáhùn. Aláwàdà náà wá lóòótọ́, ènìyàn rere ni, Ọlọ́run kí ó fọ̀run kẹ́ ẹ. Ó ṣe é bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó ṣe é bí ewúrẹ́. Ìyá rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó rọra yọ ohun tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ kúrò ní etí ọkùnrin náà, ó sì fi sí etí ara rẹ̀. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ó lè ṣe é?" Mo ní, "Bi í." Ó bi í. Ó ní, "Hẹn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ ni, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń sín in jẹ. Láti "hùn-ùn" àkọ́kọ́ títí dé òpin, òun fúnra rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó kọ̀. Mo ń bá a jiyàn níwájú gbogbo wọn, ni ó bá gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, ó fa ọwọ́ mi, ó sì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi: Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ẹni tó ti ń wá kí i látìgbà tó ti ṣàìsàn, ẹkún ni wọ́n ń gbé wá. Ó fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo wà lára òun tí ènìyàn lè rẹ́rìn-ín sí láìkáàánú òun. Ó ní kí a sọ pé aláwàdà ni, aláwàdà sì gbà, ó pa á mọ́ títí tí ó fi kú. Ìwọ náà, ohun tó ní kí a sọ fún ọ nìyẹn. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ṣe ọ́ yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. O kò sọ fún wa rí. Inú lẹ́tà rẹ yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo rò pé ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti sọ òtítọ́ fún ọ. Mo rò bẹ́ẹ̀ ni o, mi ò lè búra.

O tún bèèrè pé, tí kò bá dùn ún, kí ló dé tó fi máa ń jáde nínú yàrá tí rédíò bá ti ń kọ ọ́? Mi ò ní parọ́ fún ọ nítorí kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo sì rò pé ẹkún ni. Ètè rẹ̀ ló ń lọ. Apá tèmi ló ń kọ, àwọn ìbéèrè, lókè níbi tí ohùn rẹ̀ máa ń dé tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan kò jáde, ṣùgbọ́n ó ń fi àgbọ̀n mú gbogbo ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣi ẹyọ kan. Lọ́dún mìíràn, ó máa ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún mìíràn, á padà wọlé, á juwọ́ pé òun fẹ́ tíì. Mi ò mọ èyí tí yóò jẹ́ rí.

Ohun tó rẹ̀ mí gan-an nìyẹn. Oṣù Kejìlá kọ̀ọ̀kan, fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, mo ń lọ dúró níbi tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó lè ru igi, wọ́n sì ń yìn mí. Mi ò fẹ́ iwájú rí. Mo ń ṣe é torí pé ó fẹ́ kí nǹkan náà wà láàyè, àti torí pé tí mo bá délé, á ti jókòó dè mí, á gbé ojú sókè, mo sì mọ ohun tó ń bi mí: ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Màá ní, wọ́n rẹ́rìn-ín, àbúrò mi, ọkùnrin kan tilẹ̀ ṣubú lórí àga. Ìgbà yẹn ló tó lọ sùn. Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó ń dúró láti bi mí.

Mi ò ní kí o fẹ́ràn orin náà. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Wá ibi tí o ti lè dá wà, kí o gbé orin náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Má dá mi lóhùn, mo ń pariwo níbẹ̀ ni. Gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn "Hẹn" ìkẹyìn, tí gìtá ti dákẹ́, má tíì pa á. Èémí wà níbẹ̀ tí wọ́n ń já tẹ̀ lé ara wọn, ṣíì, ṣíì, ṣíì. Àwọn kan rò pé ìgbálẹ̀ ni, àwọn kan ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. A bẹ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ pé kó má gé e kúrò, ó sì gbọ́. Ìyá rẹ ló ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹ̀rín rẹ̀ wà mọ́.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ. Kí ó fi ìsinmi sínú ilé rẹ, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ máa dá ọ lóhùn nígbàkúùgbà tí o bá pè wọ́n, kí ọdún tuntun rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èyí tó ń lọ yìí. Bí o bá dárí jì mí fún ohun tí mi ò ṣe, mo gbà á. Bí o kò bá tíì lè ṣe é, mo gbà á bẹ́ẹ̀ náà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Màmá Àgbà.

Àfikún: Nọ́ńbà fóònù mi ti yí padà, mo kọ tuntun sẹ́yìn àpò ìwé yìí. Tí o bá pè, jẹ́ kó dún dáadáa, má tètè gbé e sílẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí n tó dé ibẹ̀.